Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Písà Oníkábéèjì Tí Kò Ní Já Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ẹ gé e, ẹ gbé e sókè, àárín rẹ̀ tẹ̀, ó já, ẹja àti ṣíìsì orí rẹ̀ sì balẹ̀ sínú àwo. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín kì í ṣe písà mọ́, ẹ̀fọ́ rírò tó wọ ófùn ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń pa písà oníkábéèjì tì nìyẹn, ìyẹn písà tí a fi kábéèjì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípò fúláwà, fún ẹni tó fẹ́ dín sítáàṣì inú oúnjẹ rẹ̀ kù. Ẹyin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á fi ẹyin méjì kún un, á wá rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹyin kò ṣẹ̀, omi ló ṣẹ̀. Nínú 100 gíráàmù kábéèjì tútù, nǹkan bí 92 ló jẹ́ omi. Omi tí ẹ kò bá fún jáde kó tó wọ iná, inú iná ló máa ti jáde, ohun tí ẹ fẹ́ yan á sì máa sè dípò kó yan.

Òdiwọ̀n ìsàlẹ̀ yìí wà fún ilé ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà: písà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 26 sẹ̀ǹtímítà, a ó gé méjèèjì sí 12. Ó máa gbà tó wákàtí méjì sí méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ẹ máa fi dúró, ẹ kò ní fi ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Fún ìsàlẹ̀:

- Kábéèjì tó wọ̀n tó kílò 1.5. Bí ẹ bá ṣí ewé òde dànù tí ẹ sì yọ kókó àárín rẹ̀, á kù tó kílò 1.2.
- Ẹ̀gúsí bíbó, 120 gíráàmù. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, á tó nǹkan bí ṣíbí ìjẹun 14.
- Ẹyin 3.
- Wàrà dídì tí àwọn Fúlàní ń tà, tí wọn kò tíì dín, 150 gíráàmù.
- Iyọ̀, ṣíbí ìpotíì 2 tí kò gorí.
- Aáyù ojú 2, ata gbígbẹ díẹ̀, ewé efinrin bí mẹ́wàá.
- Òróró, ṣíbí ìjẹun 2, fún fífi pa tíréè.

Fún orí rẹ̀:

- Tòmátò 6, tàtàṣé 1, àlùbọ́sà 1.
- Ṣíìsì tó máa ń yọ́, irú mozzarella, 200 gíráàmù.
- Ẹja yíyan tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, tàbí adìẹ tó ti jinná, ìkúnwọ́ méjì.

Ohun èlò: gírétà, tíréè mẹ́ta (ọ̀kan fún yíyí písà padà), fóìlì tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òṣùwọ̀n bó bá wà, àti aṣọ ìsẹ́ ògì. Aṣọ yẹn ni ọ̀gá gbogbo wọn. Asẹ́ oníke kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí a yàn. Àwọn ará òkè òkun a máa lo kọlifláwà (ẹ̀fọ́ olórí funfun tó jẹ́ ìbátan kábéèjì) àti ìyẹ̀fun álímọ́ńdì. Ní Ìkòròdú, ẹni tó bá ń wá kọlifláwà á rìn títí, owó rẹ̀ á sì bà á lẹ́rù nígbà tó bá rí i. Kábéèjì wà ní ọjà Sábó àti Ìta-Ẹlẹ́wà lójoojúmọ́. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: èyí tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, tí ewé rẹ̀ dì mọ́ra, tí kò fọn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, òun ni kí ẹ rà. Èyí tó ti jókòó sóòrùn láti ọjà Mile 12 wá, tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, òórùn rẹ̀ máa ń le bó bá wọ iná, àwọn ọmọ ò sì ní jẹ ẹ́. Ẹ̀gúsí ló rọ́pò álímọ́ńdì. Ọ̀rá àti purotéènì ló pọ̀ nínú rẹ̀, sítáàṣì rẹ̀ kéré, ó sì máa ń dì mọ́ ẹyin bí a ṣe ń rí i nínú ọbẹ̀. Lójú tèmi, ó dùn ju álímọ́ńdì lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Kùkúńbà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà nínú sàláàdì. Omi rẹ̀ ju ti kábéèjì pàápàá lọ.

1. Ẹ múra ẹ̀gúsí àti wàrà sílẹ̀

Ẹ jẹ ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta lẹ́nu kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bó bá korò, iná kò ní mú ìkorò náà kúrò; ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tó dára, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ máa rò ó. Kò gbọdọ̀ pọ́n. Kí òórùn tútù ara rẹ̀ ṣáà kúrò ni a fẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tó dà á sínú bílẹ́ńdà gbígbẹ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á tẹ bílẹ́ńdà mọ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀gúsí á gbóná, òróró rẹ̀ á jáde, á wá lẹ̀ mọ́ ìdí bílẹ́ńdà bí amọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ mì ín, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gúsí tó ṣì gbóná láti inú páànù ṣe máa ń di amọ̀.

Wàrà ní tirẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ sínú aṣọ, kí ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù. Ẹ má retí pé kó yọ́ nínú iná bíi ṣíìsì oyìnbó. Wàrà kì í yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún ìsàlẹ̀, tí kò sì dára fún orí.

Ó ti dára bí ẹ̀gúsí lílọ̀ náà bá ń ṣàn láàárín ìka bíi gàrí, tí wàrà sì fọ́ láìfi omi sí àtẹ́lẹwọ́.

2. Ẹ rin kábéèjì, ẹ fi iyọ̀ sí i

Ẹ fi omi iyọ̀ fọ ewé rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ojú ńlá gírétà ni kí ẹ fi rin ín, kó rí wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì tó ti wú. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá dá a sí wẹ́wẹ́. Ewé gígùn tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń fa ìsàlẹ̀ ya nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Ẹ má bù ú sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú omi bí ẹni tó fẹ́ lọ ata. Ó máa di ògì aláwọ̀ ewé, kò sì sí aṣọ tó máa fún un mọ́.

Ẹ dà á sínú abọ́ ńlá, ẹ wọ́n ṣíbí iyọ̀ méjèèjì sí i, ẹ fi ọwọ́ pa á pọ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Iyọ̀ ló máa fa omi jáde láti inú ewé. Iyọ̀ yìí ló tó fún gbogbo ìsàlẹ̀. Ẹ má fi òmíràn kún un tó bá yá.

Bí 20 ìṣẹ́jú bá pé, ẹ tẹ abọ́ náà dagun: omi gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ewé náà sì gbọ́dọ̀ ti rọ.

3. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ lórí iná, láìbomi sí i

Ẹ da kábéèjì sínú ìkòkò tó fẹ̀, kí ẹ fi omi inú abọ́ sílẹ̀. Iná àárín, ẹ má dé e, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá dé e ń dá omi tó ń fò lọ padà sínú ìkòkò ni. Bí ooru tó ń jáde bá ti dínkù, tí ewé sì ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó tutù fún 15 ìṣẹ́jú.

Ẹ dúró o. Kábéèjì tó gbóná nínú aṣọ máa ń jó ènìyàn lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ń jó lọ́wọ́ kò ní fún un dé ibi tó yẹ.

4. Fífún

Ìpele yìí ni písà náà wà. Ìyókù ò le.

Ẹ pín kábéèjì sí mẹ́rin. Ẹ má dì í gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ lẹ́ẹ̀kan, torí àárín rẹ̀ kò ní gbọ́ fífún. Ẹ gbé ìdá kan sí àárín aṣọ ìsẹ́, ẹ kó etí aṣọ jọ, ẹ lọ́ ọ bí ẹni lọ́ aṣọ tí ó fọ̀, kí ẹ máa lọ́ ọ lọ. Omi àkọ́kọ́ máa ń tú jáde yàà. Bó bá ti dín, tó wá ń kán tó tó tó, àwọn ènìyàn á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Ẹ tú aṣọ náà, ẹ fọ́ ìṣù inú rẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ tún dì í, ẹ tún lọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, omi tó máa jáde á ya ẹni tó rò pé ó ti gbẹ lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìṣù náà máa le mọ́ra bí ẹ̀gẹ́ gàrí tó sùn sábẹ́ òkúta.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára lè ṣe é bíi gàrí gan-an: ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ gbé e sórí asẹ́ tó wà lórí abọ́, ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, kí ẹ wá gbé ọmọ odó tàbí ọlọ lé pákó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa fi ọwọ́ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ máa fi mọ̀ pé ó tó. Òṣùwọ̀n: kílò 1.2 tí ẹ rin gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ sí 600 gíráàmù tàbí kó dín. Bó bá ṣì jẹ́ 750, ẹ padà sídìí aṣọ. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n: ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ di ọwọ́ mọ́ ọn pinpin. Omi ò gbọdọ̀ yọ láàárín ìka, bí ẹ bá sì ṣí ọwọ́, kó dúró ní ìṣù, kó wá fọ́ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í.

Ẹ má da omi rẹ̀ nù. Ó dára nínú ọbẹ̀, kí ẹ kàn rántí pé iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

5. Pípò

Ẹ po ẹyin mẹ́ta pẹ̀lú aáyù tí ẹ gún, ata gbígbẹ àti efinrin tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ da kábéèjì, ẹ̀gúsí àti wàrà sí i, kí ẹ fi ọwọ́ pò ó. Fi í sílẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ̀gúsí mu ìyókù ọ̀rinrin. Kò nílò yíìsì, kò nílò pọ́dà tó ń mú kéèkì wú.

Ibí ni ọwọ́ máa ń yún ènìyàn láti bu gàrí, fúláwà tàbí èlùbọ́ díẹ̀ sí i, "kó lè dì." Ẹ má ṣe é. Sítáàṣì ni gbogbo wọn, òun sì ni ẹ ń sá fún. Ìsàlẹ̀ písà tí a fi 500 gíráàmù fúláwà ṣe ní ju 350 gíráàmù sítáàṣì lọ. Kábéèjì kílò 1.2 kò ní ju nǹkan bí 40 gíráàmù ṣúgà àti sítáàṣì tí ara máa lò. Bí àpòpọ̀ yín kò bá dì, omi ló ṣì wà nínú rẹ̀; ẹ fi ṣíbí ẹ̀gúsí méjì kún un, kí ẹ sì rántí ìpele kẹrin lọ́jọ́ mìíràn.

Ó dára bó bá dúró nínú abọ́ bí ẹ bá fi ṣíbí kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ń ṣàn padà bí ẹ̀wà lílọ̀ mọ́ínmọ́ín, kò tíì tó.

6. Títẹ́

Ẹ tan ófùn sí 200°C báyìí, 15 ìṣẹ́jú kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀. Ófùn tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fi sí ohun tó ju àárín lọ díẹ̀.

Ẹ tẹ́ fóìlì sórí tíréè, kí ẹ pa á lóróró dáadáa dé etí. Ẹni tí kò ní fóìlì lè lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ fi iná ra á kó rọ̀, ẹ nù ún, ẹ pa á lóróró. Etí ewé tó bá yọ síta máa dúdú, kò burú. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù tàbí bébà ìwé ìròyìn ṣe é rárá.

Ẹ pín àpòpọ̀ sí méjì, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan di òbìrípo. Kí ó nípọn tó mílímítà 8 sí 9, bí ìka kékeré ọmọdé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí àárín ga ju etí lọ: etí á jóná, àárín á sì tutù. Kí etí nípọn ju àárín lọ díẹ̀ ló yẹ. Ẹ má sì gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀kan ńlá; kì í ṣe é yí padà láìya.

Ẹ gbé tíréè sókè síhà iná mànàmáná tàbí fèrèsé, kí ẹ wo òkè rẹ̀. Ibi tí fóìlì bá ti ń dán yọ, ẹ dí i.

7. Yíyan

Àárín ófùn, 25 ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ́ fóìlì tí ẹ ti pa lóróró lé e, ẹ fi tíréè kẹta dé e, ẹ di méjèèjì mú pọ̀ kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bó fóìlì àkọ́kọ́ kúrò jẹ̀jẹ̀. Ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bó bá lẹ̀ mọ́ fóìlì nígbà tí ẹ ń bó o, ẹ má fà á. Ẹ dá a padà sínú iná ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó bá lẹ̀ kò tíì gbẹ, ohun tó gbẹ máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ófùn oníná mànàmáná ni ẹ ní, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò yín. Ìsàlẹ̀ tí iná lọ mọ́ ní ìdajì ọ̀nà, ẹ gbé e sínú páànù lórí gáàsì kó parí. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ títí iná á fi dé.

Fún ilé tí kò ní ófùn: ẹ wá ìkòkò irin tó nípọn, ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ gbé agolo tí ẹ ti gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò lé yanrìn. Ẹ dé e, kó gbóná fún 20 ìṣẹ́jú lórí iná àárín kí àwo písà tó wọlé. 35 ìṣẹ́jú ló máa gbà níbẹ̀, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tún fún un ní 15. Ẹ máa ṣí ìdérí lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kí ẹ fi aṣọ nu omi inú rẹ̀, torí ó máa ń kán padà sórí písà. Ìkòkò tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ kò gbọdọ̀ rí yanrìn. Gbígbóná láìsí oúnjẹ máa ń ba awọ inú rẹ̀ jẹ́.

Ó ti jinná bí etí rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àárín kò tẹ̀ bí ẹ bá fi ìka kàn án, tí ẹ sì lè ti ọ̀bẹ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti òpin dé òpin. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè: ó lè tẹ̀ díẹ̀, kò gbọdọ̀ ya.

8. Orí písà

Gbogbo làálàá yín lè bàjẹ́ níbí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹ bá da ọbẹ̀ tó ṣàn lé e. Ẹ lọ tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ wá fi òróró díẹ̀ dín in. Bí ẹ bá fa ṣíbí kọjá nínú rẹ̀ tí ojú ọ̀nà ṣíbí dúró láìpadé, ó ti tó. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ni kí ẹ fi pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù inú ìgò ní ṣúgà nínú, ó tún ba ète yín jẹ́.

Ṣíìsì tẹ̀lé e, kí ẹja tàbí adìẹ wá lé e. Ẹja yíyan láti etí ọ̀sà ní Ẹ̀búté, tàbí èyí tí wọ́n kó wá láti Ẹ̀pẹ́, dára púpọ̀ fún un torí pé ó ti gbẹ. Ẹran tútù kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá péré ni písà máa padà lò nínú iná, kò tó láti sè é. Tòmátò tútù tí a gé pẹlẹbẹ náà kò yẹ: omi ni.

Bí ṣíìsì bá ti yọ́, ẹ gbé e jáde, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó gé e. Àwọn ọmọ á pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá wà nílé

Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàdéédé fi oúnjẹ tí sítáàṣì rẹ̀ kéré rọ́pò ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù. Kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ara wọn dá ṣáṣá kò nílò kí a gé sítáàṣì wọn kù. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ àwo tiwọn.

Èyí tó bá kù

Ìsàlẹ̀ tí ẹ ti yan láìkó nǹkan sórí rẹ̀ ló dára jù láti fi pamọ́. Kó tutù tán, ẹ fi fóìlì wé e: ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, oṣù kan nínú fíríìsà tí iná rẹ̀ ń dúró. Bí iná bá lọ tó sì yọ́, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà bó bá ṣì tutù dáadáa, ẹ má dá a padà kó tún dì. Láti fíríìsà, tààrà ni kó wọ ófùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kó yọ́ lórí tábìlì.

Èyí tí wọ́n ti gé, inú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré ni kí ẹ ti mú un gbóná, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ má fi ìdérí dé páànù náà. Ooru tó bá kọ lu ìdérí á tún di omi, á sì kán padà sórí ohun tí ẹ fi gbogbo ọ̀sán fún gbẹ.